Ife Ọtí Pupa Kan Nídìí Iyán

Bí ẹ bá gbọ́ pé bàbá mi àgbà ń mutí lójoojúmọ́, òótọ́ ni. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀mùtí ni, irọ́ gbuu ni, kí ẹ sì bá mi bi ẹni tó sọ ọ́ bóyá ó rí i rí kí ó máa ta gbọ́ngbọ́n lójú ọ̀nà Kàbbà. Èmi tí mo gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kékeré títí mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, n kò rí i. Ife kan péré ni, ife tánńganran kékeré kan tí etí rẹ̀ ti họ. Ọtí pupa ilẹ̀ Faransé ló máa ń wà nínú rẹ̀, nídìí iyán, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lọ.

A ti sin ín báyìí. Gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ló ní onígbàgbọ́ rere ni, àgbẹ̀ pàtàkì ni, baba fún tolórí tẹlẹ́mù ni. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún tó bá ti kú? Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó dárúkọ ọtí. Wọ́n ń tijú. Èmi kò tijú o, nítorí mo mọ ìdí tó fi ń mu ún. Nítorí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni, Bàbá Òjó, ẹni tí ògógóró fẹ́ pa. Ọtí yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, àti ọkùnrin tó lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láti máa wá èyí tó dára tí kò sì wọ́n.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bàbá mi àgbà, tí mo ń pè ní Bàbá, ni àkọ́bí, Òjó ni àbígbẹ̀yìn, àwọn tí ìyá wọn bí sáàárín kò dúró. Nígbà tí wọ́n mú ìyá mi àgbà wá láti Ekinrin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, Òjó ṣì ń rá kòrò. Iye ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà náà, bí a ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ wa. Ẹ̀yìn Iye ni Òjó wà títí ó fi mọ ìrìn í rìn. Ìdí nìyẹn tí Iye fi ń pè é ní "ọkọ mi kékeré" títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọkọ kékeré ọ̀hún ti ń funfun.

Ìyàwó Bàbá Òjó kú lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ. Bàbá Òjó kò sunkún. Iye sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù nìyẹn. Láti ibi sàréè ló ti gba ọ̀nà odò lọ, síbi ahéré kan tí obìnrin kan ti ń ta ògógóró ní ìkọ̀kọ̀, nítorí àwọn dàńdókà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wa, kì í fojúure wo ẹni tó bá ń ta á. Àtìgbà náà ni kò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Ewé bo oko rẹ̀. Wọ́n á bá a lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fi aṣọ gbé e wá sílé bí ẹni gbé òkú. Wọ́n gbàdúrà títí. Wọ́n mú un búra lórí Bíbélì, ó búra tọkàntọkàn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gba ọ̀nà odò lọ. Wọ́n tì í mọ́ yàrá, ó gba ojú fèrèsé jáde. Gbogbo ìlú ti ń sọ ọ́ pé kò ní pẹ́ kú.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti rántí Àjàṣẹ́.

Kí Bàbá tó gbéyàwó, ó tẹ̀lé oníṣòwò Faransé kan láti Lọ́kọ́jà lọ sí Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn Faransé ní ìwọ̀ oòrùn, ó sì ṣe kúùkù rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún wa nípa ibẹ̀ kì í ṣe ti òkun tàbí ti ilé ńláńlá. Ti oúnjẹ ọ̀sán ni. Ó ní àwọn kọ́lékọ́lé aláwọ̀ funfun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á jókòó sórí òkúta, wọ́n á gbé búrẹ́dì àti ẹran kalẹ̀, wọ́n á sì da ọtí pupa sínú ife, wọ́n á máa fi ti oúnjẹ náà bí ẹni fi omi ọbẹ̀ tì í. Bí wọ́n bá jẹun tán, ọtí náà ti tán nìyẹn, wọ́n á dìde, ó di ẹnu iṣẹ́. "Mo ṣọ́ wọn títí," ni Bàbá máa ń wí, "n kò rí ẹni tó kó sí kòtò."

Ìpinnu rẹ̀ kò ṣòro ó yé. Ó ní Òjó kò lè fi ọtí sílẹ̀ báyìí, gbogbo ayé ti bẹ̀ ẹ́ tán. Nítorí náà, kí òun wá ọtí tó jẹ́jẹ́, tó mọ oúnjẹ í bá rìn, kí Òjó máa wá mu ún lọ́dọ̀ òun ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti ki òkèlè bọ ẹnu. Ìgbà tí ó bá yó, ó ku ibi tí ògógóró máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọtí tí ènìyàn yóò máa mu lójoojúmọ́ kò lè jẹ́ olówó iyebíye, àgbẹ̀ ni wá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó sọ ti wàhálà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Iye. Ọjọ́ tí ìgò àkọ́kọ́ wọ ilé wa, Bàbá ṣí i, ó da díẹ̀ sínú ife, Iye sì gbé iyán dé. Bó ṣe rí ohun pupa yẹn, ó gbé abọ́ iyán kalẹ̀, ó fi ọwọ́ lérí.

"Bàbá Adé! Ẹ̀jẹ̀ Olúwa! Ẹ̀jẹ̀ Olúwa lẹ fẹ́ fi ti òkèlè iyán!"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Iye kò rí ọtí pupa rí láyé rẹ̀ àfi níbi tábìlì ìdàpọ̀ mímọ́, níbi tí àlùfáà ti ń fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n tó kàn án, tí èèyàn á sì kúnlẹ̀ gbà á. Bàbá ṣàlàyé títí, ó rẹ̀ ẹ́. Iye wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìjọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó ní, "Wọ́n ní bí a kò bá tíì gbàdúrà sí i, ọtí lásán ni. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lè di mímọ́ lọ́la, ẹ má dà á sílẹ̀ bí omi ìfọṣọ lónìí." Láti ọjọ́ náà, aṣọ funfun kan ni Iye fi ń bo ìgò ọtí Bàbá, ó sì máa ń gbàdúrà kúkúrú kí wọ́n tó ṣí i, bóyá kí Ọlọ́run má baà ṣèèṣì bínú.

Ẹni tó ń bá Bàbá ra ọtí ni Sùlé, dírẹ́bà lọ́rì kan, ọmọ Ìlọrin, tó máa ń kó ẹrù lọ dé ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn, tó sì máa ń gba Kàbbà kọjá nígbà tí ó bá ń bọ̀. Mùsùlùmí òdodo ni Sùlé. Bó bá ti ń sọ ìgò kalẹ̀ níwájú ilé wa ni yóò ti máa ráhùn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó jẹ́ kí n wọ iná."

"Ta ní ní kí o mu ún? Ṣé apẹ̀rẹ̀ tó ru ata, ata ta á lójú rí?"

"N kò kúkú mọ èyí tó dára, Bàbá. N kò lè tọ́ ọ wò."

"Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ nìyẹn."

Bàbá kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rà á, mo sì mọ ẹ̀kọ́ náà sórí nítorí gbogbo ìgbà ni ó ń tún un sọ. Ó ní kí ó má bi olówò pé èwo ló dára, nítorí èyí tó wọ́n jù ni yóò nà sí i. Kó má wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò lára. Kó dúró ní èbúté ní ọ̀sán gangan, kó wo ibi tí àwọn tó ń ja ẹrù ọkọ̀ bá jókòó sí tí wọ́n ń jẹun, kó wo ìgò tó wà láàárín wọn. "Irú rẹ̀ ni kí o bá mi rà. Alágbàru kò lówó tí yóò fi máa mu orúkọ."

Ojú wa rí nǹkan. Ọ̀kan dé tó dùn bí oògùn ikọ́, Bàbá tọ́ ọ sílẹ̀, ó ní kí n da ìyókù fún àwọn kòkòrò. Òmíràn ti kú sórí ọkọ̀ kó tó dé, nítorí Sùlé gbé e sí òkè ẹrù, oòrùn sì sè é láti ibodè dé Kàbbà. Bàbá kò da ìyẹn nù. Kúùkù kì í da nǹkan nù. Ó fi ọtí kíkan náà rẹ ẹran ọ̀yà mọ́jú, Iye sì sè é, ẹran náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń já kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Iye jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀, ó tún bù sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá kọ́ Sùlé láti máa fi àpò tútù wé ìgò, kó sì máa tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Nílé, ìdí àmù ló ń rì í mọ́ nínú iyanrìn tútù, níbi tí ooru Kàbbà kò ti lè rí i.

Ó rí èyí tó dára nígbẹ̀yìn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn, kò sì wù ú kí ẹnikẹ́ni kà á fún un. Ó sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Orúkọ àwọn ìlú wa ló fún wọn. Ọ̀kan wà tó máa ń fún ni lẹ́nu pọ̀ bíi gúáfà tí kò tíì pọ́n, tí yóò sì tún yọ̀ǹda ẹni bí ó bá ti pàdé ẹran yíyan. Ìyẹn ni ó pè ní Ekinrin. Ó ní, "Bí àwọn àna mi. Wọ́n á kọ́kọ́ fajú ro sí ọ, kí o tó dìde wọ́n ti di ẹrù iṣu fún ọ." Iye á na omorogùn sí i. Òmíràn pupa rinrin, bí aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnù máa ń hun fún òkú àgbà, ìyẹn ni Òkè-Bùkún, bí ìlú àwọn ará Bùnù ọ̀hún, tí a máa ń tọ́jú de ìgbà tí ọdẹ bá pa nǹkan. Èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù nínú gbogbo wọn, tó wá nínú ìgò ńlá tí wọn kò lẹ nǹkankan mọ́ lára, tí a ń mu ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, Ilé ni ó pe ìyẹn. "Sùlé, Ilé ti fẹ́ tán o!" Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wo ògiri.

Èmi gbà pé láti Ekinrin ni Ekinrin ti ń wá. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì pé àwọn ará ìyá àgbà mi ń pọn ọtí pupa, olùkọ́ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo dé ilé, mo bínú sí Bàbá. Ó ní, "Ta ló bí olùkọ́ yín léèrè?"

Ọdún Kérésì kan, bàbá mi, Adé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, gbé ìgò kan wá fún un. Ìwé ara rẹ̀ ń dán bíi wúrà, koríko wé e bí ẹyin. Bàbá mi ti gbọ́ pé ọtí pupa ni bàbá òun ń mu, ó sì fẹ́ ṣe ohun tó dára fún un. Bàbá ṣí i, ó tọ́ ọ wò. Gbogbo wa ń wò ó lẹ́nu. Ó mi orí, ó kí ọmọ rẹ̀ kú owó, kú ìnáwó, ó súre fún un títí gbogbo wa fi ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó dé ìgò náà padà, ó sì ní kí Iye fa Ilé yọ nídìí àmù.

Bàbá mi ní, "Kò dára ni, sà?"

"Ó dára. Ó dára ju èmi gan-an lọ. Ṣùgbọ́n àlejò ni, Adé. Èmi ń wá ẹni tí a ó jọ máa gbé ilé."

Báyìí ni ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí nílé wa. Iye á gún iyán. Bàbá á jókòó sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, abọ́ á wà níwájú rẹ̀, ìgò á wà lábẹ́ aṣọ funfun. Kò ní fọwọ́ kàn án. Á máa wo ojú ọ̀nà títí Bàbá Òjó yóò fi yọ, tí yóò kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. "Okun o." "Okun, Òjó. Fọwọ́." Wọ́n á jẹ òkèlè mẹ́ta mẹ́rin kí ìgò tó ṣí, nítorí òfin rẹ̀ ni pé ọtí kì í ṣáájú oúnjẹ wọ inú. Ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lọ́dọ̀ wa, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, nítorí náà Bàbá á tọ́ ọ wò, á sì bu ti àbúrò rẹ̀ fún un, á wá máa wò ó lẹ́nu bí ọmọ tó fi síléètì han olùkọ́.

"Báwo ni tòní?"

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ju ti àná lọ?"

"Ó jù ú lọ díẹ̀."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn ṣìnkìn. Òun náà á wá mu tirẹ̀. Ife kan fún un, ife kan fún Òjó, ó tán.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ lọ tààrà. Ọjọ́ ọjà kan, oòrùn wọ̀, Bàbá Òjó kò yọ. Iyán ń tutù. Iye ní, "Bàbá Adé, ẹ jẹun." Bàbá ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó gba ọ̀nà odò lọ. Obìnrin tó ń ta ògógóró náà ló sọ ìyókù fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní òun rò pé ìjà ló bá wá, òun sì ti fẹ́ máa kó ìgò òun sá. Ṣùgbọ́n Bàbá kàn wọlé ni, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀ lórí àpótí, ó ní, "Iyán ti ń le, Òjó."

"Ẹ lọ jẹun yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa dá a jẹ?"

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láìbínú, láìwàásù, títí Bàbá Òjó fi dìde. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àbúrò fara ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n fara ti ọ̀pá. Iyán ti gan pa. Bàbá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò gbà kí Iye tún òmíràn gún.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà yẹn ló dé etí ẹbí. Wọ́n ní ọtí pupa tí Bàbá ń fún Òjó ló tún rán an lọ sídìí ògógóró, wọ́n sì pe ìpàdé. Bàbá ni olórí ẹbí nígbà náà. Àga igi dúdú kan wà ní ilé ńlá tí olórí ẹbí nìkan máa ń jókòó lé, orí rẹ̀ ni Bàbá jókòó sí tí wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. Èmi àti Iye wà pẹ̀lú àwọn obìnrin lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Bàbá Èlíjà, ọmọ bàbá kan wa, ló ṣáájú ọ̀rọ̀.

"Àjàyí, ẹni tí iná ń jó, ìwọ ń bu epo sí i lára. Ojoojúmọ́ lò ń fún Òjó lọ́tí."

"Ife kan ni, nídìí oúnjẹ."

"Ẹni tó bá ń mutí lójoojúmọ́, kí ni à ń pè é?"

"Ẹ̀yin tí ẹ mu ún mọ́jú níbi òkú ìyá àgbà Èlíjà, tí a fi kẹ̀kẹ́ ti yín lọ sílé, kí ni kí á máa pe ẹ̀yin?"

"Òkú àgbà nìyẹn!"

"Òkú àgbà ni lóòótọ́."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì wá le sí i. Bí a ṣe rí nìyẹn ní Kàbbà. A kì í ka iye tí ènìyàn mu, ìdí tó fi mu ún ni a ń kà. Mu àgbá kan níbi òkú, ẹlẹ́yẹ ni ọ́. Mu ife kan nídìí iyán láìsí òkú, láìsí ọmọ, láìsí oyè, ayé ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá Èlíjà kò níkà nínú, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ẹ̀rù ń bà á pé Òjó máa kú ni. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba Bàbá.

Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba níkẹyìn. Bí kò bá yé fún Òjó lọ́tí, àwọn kò ní gbà á ní olórí mọ́. Kò sí ẹni tó máa mú ẹjọ́ wá síwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi ìyàwó tàbí oko tàbí òkú lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iye di ọwọ́ mi mú, ó fún un pinpin.

Bàbá wo ìta, ó rí i pé oòrùn ti ń lọ. Ó dìde lórí àga náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Bàbá Èlíjà jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

"Ẹ lè rí olórí ẹbí mìíràn. Èmi kò lè rí Òjó mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnìkan ń bọ̀ wá jẹun nílé mi."

Ó sì jáde. Mi ò rí i kí ó yára rìn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pẹ́ kí ara Bàbá Òjó tó yá. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kàn ń rí i pé ó ti ń tètè dé sí i ni, pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́ bó bá ń gba ife, pé ó ti ń béèrè èbù lọ́wọ́ Bàbá. Ó ro oko rẹ̀. Ó kọ ebè. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ru àkọ́wà wá fún Iye, Iye sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Ẹbí wá bẹ Bàbá pé kó padà wá jókòó sórí àga. Bàbá Èlíjà fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gbé e dìde, ó dì mọ́ ọn, ó sì ní, "Àga yẹn ń dun mí ní ìdí láti ọjọ́ yìí. Ẹ máa jókòó lé e."

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ikọ́ dá Bàbá dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, kò lè jẹun mọ́. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, yóò ní kí a gbé òun jókòó, kí a gbé abọ́ sáàárín òun àti Òjó. Yóò bu òkèlè, yóò gbé e kan ètè, yóò sì dá a padà sínú abọ́ nígbà tí Òjó bá bojú wẹ̀yìn. Òjó mọ̀. Ó ń bojú wẹ̀yìn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Bàbá fi lọ.

Ìsìnkú rẹ̀ kún. Ọtí wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan sì gbé ògógóró pamọ́ sínú agbádá wá. Gbogbo ojú ló wà lára Bàbá Òjó. Kò mu, kò jẹ. Ó jókòó bí ère. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ máa wò ó. Kí àlejò ṣáà tú ká ná." Inú bí mi, ṣùgbọ́n ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Àlejò tú ká. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn ń wọ̀ lọ, èmi nìkan ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo gbọ́, "Okun o." Bàbá Òjó ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì padà sẹ́yìn. Mo kí i, mo sáré sí ìdí àmù, mo fa ìgò kan yọ nínú iyanrìn.

"Dá a padà, Fúnmi."

Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó ti tán, ògógóró ló fẹ́.

"Ọtí yẹn kò dùn lẹ́nu mi rí," ni ó wí.

"Èwo nínú wọn, Bàbá?"

"Kò sí ọ̀kan. Ekinrin, Òkè-Bùkún, gbogbo wọn. Kíkan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń wò mí lẹ́nu. Ta ló lè sọ ọ́ fún un?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún gbà á lọ́wọ́ mi. Iye ti jáde wá láti yàrá, aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀, ó fara ti òpó.

"Kí lẹ wá ń wá mu lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ yìí wá, ọkọ mi kékeré?"

Bàbá Òjó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹun kí n tó dé. Ọjọ́ tí n kò bá wá, ebi ni yóò gbé sùn. Mo máa ń dé oríta yẹn, ẹsẹ̀ mi á ti yà sọ́nà odò, màá wá rántí pé ebi ń pa á, àgbàlagbà, ó ń wo ojú ọ̀nà. Màá yà padà." Ó nawọ́ sí ojú ọ̀nà. "Mo tún dé oríta náà nísinsìnyí. Mo dúró. Mo ní, Òjó, ta ni ebi ń pa báyìí?"

Iye wọ inú ilé lọ, ó sì gbé abọ́ kan jáde, ó ti dé e. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹní, ó jókòó sí ibi tí Bàbá máa ń jókòó sí, ó ṣí i. Iyán ni. Ó ti gan, ojú rẹ̀ ti gbẹ, ìka kankan kò tíì kàn án.

"Ọ̀sán ni mo ti gún un," ni Iye wí. "Ẹ wọlé, ọkọ mi kékeré. Ebi ń pa mí."